Níbo Ni Ohun Ẹbọ Wa Ti Ń Wá?



Bí a bá kó ohun ẹbọ kalẹ̀ níwájú Ifá, a máa ń kà wọ́n ní oókan-oókan: obì, orógbó, epo, ẹyẹlé, ìgbín, ewé. A ń wò ó bóyá wọ́n pé, a sì ń wò ó bóyá wọ́n dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a ti jáwọ́ nínú rẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò: ta ló já ewé yìí? Níbo ló ti já a? Báwo ló ṣe já a? Èló ló kàn án nínú owó tí a san? Mo jẹ́ babaláwo, mo sì ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní yunifásítì. Iṣẹ́ ìbéèrè ni iṣẹ́ méjèèjì. Èrò mi kò lọ́jú pọ̀: ẹ̀sìn tó bọlá fún igi, odò àti ẹyẹ kò gbọdọ̀ máa rajà lọ́nà tí yóò pa igi, odò àti ẹyẹ run, kò sì gbọdọ̀ fi ebi pa ẹni tó ń ru ẹrù náà wá bá a.

Àwọn oníṣòwò àgbáyé ní orúkọ kan fún gbogbo ìrìn tí ọjà ń rìn láti oko títí dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ ní olówuuru yóò pè é ní “ẹ̀wọ̀n ìpèsè”. Etí mi kò gba èyí, nítorí pé bí Yorùbá bá gbọ́ ẹ̀wọ̀n, ọgbà ẹlẹ́wọ̀n ló ń kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ọ̀nà ọjà ni èmi yóò pè é. Ìmọ̀ náà kì í ṣe tuntun sí wa. Èdè wa ní orúkọ fún olúkúlùkù ẹni tó dúró sójú ọ̀nà yẹn: àgbẹ̀, ọdẹ, aláàárù, alárọ́bọ̀, alágbàtà, eléwé ọmọ, lékulẹ́ja. A ní Ìyálọ́jà. A ní Pàràkòyí, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò tó ń rí sí ètò ọjà láyé àtijọ́. Ọ̀rọ̀ náà “lékulẹ́ja” fúnra rẹ̀ sọ ohun púpọ̀: ẹni tó ni eku, tó sì ni ẹja. Igbó àti odò ló bí orúkọ náà. Bí igbó bá tán, tí odò sì bàjẹ́, orúkọ lásán ni yóò kù lọ́jà.

Ohun tí owó ẹyọ kọ́ wa

Kò sí ilé òrìṣà tí kò sí owó ẹyọ. Ẹyọ mẹ́rìndínlógún ni àwọn olórìṣà fi ń dá ẹ́ẹ̀rìndínlógún. Síbẹ̀, owó ẹyọ kì í ṣe ọmọ etíkun wa. Àwọn erékùṣù Maldives, nínú Òkun Íńdíà lọ́hùn-ún, ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀. Àwọn oníṣòwò Yúróòpù fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí ilẹ̀ wọn, wọ́n sì tún gbé e wá sí Ouidah àti sí Èkó. Wọ́n fi ra epo, wọ́n fi ra aṣọ, wọ́n sì fi ra ènìyàn. Lára àwọn tí wọ́n rà bẹ́ẹ̀ ni baba ńlá àwọn ará wa ní Bahia àti ní Havana. Ohun tí wọ́n fi ra baba náà ni ọmọ ọmọ rẹ̀ ń dà sílẹ̀ lónìí láti gbọ́ ohùn òrìṣà.

Èmi kò sọ pé kí a da owó ẹyọ nù. Ó ti di mímọ́ ní ọwọ́ àwọn tó jìyà rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun rere lè gba ọ̀nà burúkú dé ọ̀dọ̀ ènìyàn, àti pé bí ọjà bá dán lójú, kò fi hàn pé ọ̀nà tó gbà wá mọ́. Ọmọ ẹni tí wọ́n ti fi ṣe ọjà rí, bí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé láti béèrè ọ̀nà tí ọjà gbà wá, kò yẹ kí òun gbàgbé.

Igún, odídẹrẹ́ àti akika

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ́dọ̀ ara wa. Igún tí gbogbo wa mọ̀ nígbà èwe, tó máa ń bà sórí òrùlé ilé ìpẹran, mélòó nínú yín ló rí i lọ́dún yìí? Ní ọdún 2015, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu sílẹ̀, fi í sí ipele tó kẹ́yìn kí ẹ̀dá tó parẹ́ pátápátá nínú ìgbẹ́. Ohun tó ń pa á pọ̀, ṣùgbọ́n òwò orí àti ẹ̀yà ara rẹ̀ fún oògùn wà lára èyí tó le jù ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ní ọdún 2020, ní orílẹ̀-èdè Guinea-Bissau, igún tó lé ní 2,000 ni májèlé pa, àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ sì so ó pọ̀ mọ́ òwò yìí. Ẹ̀yin tó ń fi igún ṣe oògùn, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tó ra orí igún tí wọ́n fi májèlé pa, májèlé ló rà wálé.

Ta ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀? Òwe àwọn baba wa sọ gbangba pé a kì í pa igún, a kì í jẹ ẹ́, a kì í sì í fi bọ Orí. Èèwọ̀ ni. Ẹni tó bá ní ìṣẹ̀ṣe ni òun ń ṣe, tó sì ní kí wọ́n gbé orí igún wá, ó ti tẹ ìṣẹ̀ṣe lójú.

Odídẹrẹ́ ńkọ́? A kò lè fọwọ́ rọ́ ìkóódẹ sẹ́yìn. Adé ọba ń lò ó, ìyàwó òrìṣà ń lò ó. Àmọ́ ẹyẹ náà ti di ọ̀wọ́n nítorí pé igbó rẹ̀ ń tán, tí wọ́n sì ń kó o láàyè lọ tà fún àwọn tó fẹ́ ẹyẹ tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ní ọdún 2016, ní ìpàdé àjọ CITES tó wáyé ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè dìbò láti fi òfin de òwò odídẹrẹ́ inú ìgbẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ní ìpàdé kan náà ni wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún akika, ẹran ìgbẹ́ tí ìpẹ́ bò lára, gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ mẹ́jọ̀ọ̀jọ. Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà, Brazil àti Bìrìtìkó tí ẹ ń ní kí a fi ìkóódẹ ránṣẹ́, ẹ mọ̀ pé bí ẹrù yẹn bá rin láìní ìwé àṣẹ, a ti fi orúkọ òrìṣà sínú ìwé ọ̀daràn.

Ọ̀nà mìíràn wà. Odídẹrẹ́ máa ń pa ìyẹ́ dà bí adìyẹ ṣe ń pa á dà. Ẹyẹ kan tí wọ́n bí sílé, tí wọ́n sì tọ́jú dáadáa, yóò máa fún wa ní ìkóódẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìsí pé a pa á. Ìwó, ìlú tí a mọ̀ mọ́ odídẹrẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ì bá jẹ́ ibi tó yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbín Ọbàtálá: ó ṣeé sìn nínú ọgbà, kò sí ìdí tí a ó fi máa ṣa ọmọ rẹ̀ wẹ́wẹ́ nínú igbó kó tó dàgbà. Àwọn àgbà wa mọ ọgbọ́n yìí. Ìyẹ̀rosùn tó wà lórí ọpọ́n wa, ìyẹ̀fun tí ikán fẹnu lọ̀ lára igi ìrosùn ni. Ikin, èso ọ̀pẹ ni. A kó èso, ọ̀pẹ dúró. Ohun méjì tí iṣẹ́ Ifá fi ń dúró, a kò pa ohunkóhun kí a tó rí wọn.

Omi Ọ̀ṣun àti wúrà

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wọ ìwé ogún àgbáyé ti UNESCO ní ọdún 2005. Ìgbéraga wa ni. Ṣùgbọ́n igbó nìkan ni wọ́n fi odi yí ká. Odò kì í gbọ́ ti odi. Láti Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣàn wá, ó sì gba agbègbè Ìjẹ̀ṣà kọjá kó tó dé Òṣogbo. Àwọn tó ń wa wúrà ní agbègbè yẹn ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń fọ iyanrìn, ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí wọn sì ń ṣàn wọ inú odò. Omi tí àwọn ìyá wa ń bù mu láti fi tọrọ ọmọ ti di bí omi amọ̀. Arugbá ṣì ń ru igbá lọ bá ìyá rẹ̀ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n kí ni ìyá ń rí mu?

Ta ló ń ra wúrà náà? Kì í ṣe àwọn awakùsà ló ń fi í sọ́rùn. Ó ń gba ọwọ́ alágbàtà kan dé òmíràn, ó ń kọjá sókè òkun, ó sì ń padà wá bí ẹ̀gbà ọrùn, bí òrùka ìgbéyàwó, bí èròjà inú fóònù. Ní ilẹ̀ wa, idẹ ni a mọ̀ mọ́ Ọ̀ṣun. Ní Brazil àti Cuba, wúrà ni wọ́n fi ń dá a lọ́lá. Mo fi tìfẹ́tìfẹ́ sọ fún àwọn ará wa lọ́hùn-ún pé irú ohun tí ẹ fi ń ṣe ìyá lọ́ṣọ̀ọ́ níbẹ̀ ló ń ba omi rẹ̀ jẹ́ níhìn-ín. Ẹ kò jẹ̀bi rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè bá wa béèrè lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ wúrà yín pé, “Ilẹ̀ wo ni wọ́n ti wa èyí?” Bí oníbàárà púpọ̀ bá ń béèrè, alágbẹ̀dẹ náà yóò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà fún òun.

Òfin òyìnbó ni, àbí òfin tiwa?

Ní ọdún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan pé kòkó, kọfí, epo ọ̀pẹ, rọ́bà, sóyà, igi gẹdú àti màlúù kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn bí ó bá jẹ́ pé orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n ti rí i. Ẹni tó bá fẹ́ tà á gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí oko náà gan-an lórí àwòrán ilẹ̀. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ ti dé oko wa ní Oǹdó, Ọ̀ṣun àti Ògùn. Ó sì tọ́ kó dé ibẹ̀. Nínú Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí erin ṣì wà, oko kòkó ti ń jẹ igbó wọlé.

Àwọn kan nínú wa yóò ní, “Òfin òyìnbó tún nìyẹn, àwọn tó pa igbó tiwọn tán.” Òótọ́ wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ tó ní oko kékeré kan, tí kò ní fóònù tó lè ya àwòrán ilẹ̀, ni ẹrù òfin náà wúwo lé lórí jù, nígbà tí àwọn tó ti ń ra kòkó rẹ̀ ní ẹ̀dínwó láti ayé baba rẹ̀ kò san gbèsè kankan. Bí Yúróòpù bá fẹ́ igbó wa, ó yẹ kó san owó tí àgbẹ̀ yóò fi lè dá igbó sí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ìbínú gba ọgbọ́n lọ́wọ́ wa. Ìbéèrè pé níbo ni nǹkan ti wá kì í ṣe ti òyìnbó. Kí wọ́n tó dé ni a ti ní igbó orò àti igbó ìgbàlẹ̀ tí ẹnì kan kì í ṣẹ́gi níbẹ̀. Kí wọ́n tó dé ni a ti ń kí igi kí a tó já ewé rẹ̀, tí àwọn kan ń fi obì tàbí owó sí ìdí rẹ̀. Lydia Cabrera kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ El Monte, tó jáde ní Havana ní ọdún 1954, pé àwọn ọmọ òrìṣà ní Cuba kì í wọ igbó já ewé láìkí igbó, láìsan owó rẹ̀. Àṣà yẹn la òkun já lórí ọkọ̀ ẹrú. Ṣé kí ó wá kú mọ́ wa lọ́wọ́ nílé ni?

Àwọn mìíràn yóò ní, “Ẹrù tiwa kéré, àwọn agégẹdú àti onílé-iṣẹ́ ńlá ló pa igbó.” Mo gbà pé tiwọn pọ̀ ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ní ti igún, ọwọ́ wa wà níbẹ̀ ju ọwọ́ agégẹdú lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Lọ́jọ́ tí a bá dojú kọ ìjọba nítorí omi Ọ̀ṣun, tí wọ́n bá bi wá léèrè ohun tó wà nínú àpò lékulẹ́ja wa, kí ni a ó sọ?

Ẹ̀kẹta ni àwọn tó ń sọ pé òrìṣà kì í gba àrọ́pò. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo Cuba. Nígbà tí wọn kò rí obì tútù, àgbọn ni wọ́n gbé kalẹ̀. Títí dòní, “obì” ni wọ́n ń pe àgbọn náà nínú ìsìn wọn; ọ̀rọ̀ kò yí, ohun tí ọ̀rọ̀ ń tọ́ka sí ló yí, òrìṣà sì dá wọn lóhùn. Àwa náà ń gba owó dípò ẹran lójoojúmọ́ bí Ifá bá gbà á. Ẹ gbé ìbò lé e lọ́wọ́, kí ẹ bi Ifá bóyá yóò gba ohun mìíràn dípò ẹ̀dá tó ń kú lọ. Ẹni tí kò béèrè kò lè sọ pé Ifá kọ̀.

Ohun tí mo ń dá lábàá

Èkínní, kí ilé Ifá àti ilé òrìṣà kọ̀ọ̀kan mọ àwọn tó ń tà fún un. Kí a ní ìwé kékeré kan tí a ó kọ orúkọ ewé tàbí èèpo sí, ibi tó ti wá, ẹni tó mú un wá àti iye tí a san. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé. Ọmọ awo kan lè ṣe é.

Èkejì, kí a gbìn. Ní Bahia, àwọn ilé òrìṣà àtijọ́ dá apá kan ọgbà wọn sí fún igbó, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń já ewé. Àwa tí a ní ilẹ̀ jù wọ́n lọ ń ra akòko àti pèrègún lọ́jà. Orógbó máa ń pẹ́ kó tó hù, ó sì máa ń pẹ́ sí i kó tó so. Ẹni tí yóò jẹ ẹ́ lọ́la gbọ́dọ̀ ti rí ẹni tó gbìn ín lónìí.

Ẹ̀kẹta, kí a kọ́ àwọn tó ń bó èèpo igi, kí a sì kọ ọjà ẹni tó bá kọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ni à ń bó, a sì ń fi èyí tó kù sílẹ̀ kó san. Ẹni tó bá bó igi yíká ti pa á, nítorí ara èèpo ni oúnjẹ tí ewé ṣe ń gbà dé gbòǹgbò.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹgbẹ́ wa kéde pé igún àti akika kò wọ ojúbọ wa mọ́, àti pé ìkóódẹ tí ẹyẹ pa dà nìkan ni a ó máa gbà.

Ẹ̀karùn-ún, kí a san owó tó tọ́. Obìnrin tó jí ní ìdájí, tó wọ inú ìrì lọ já ewé, ni owó rẹ̀ kéré jù lójú ọ̀nà ọjà yìí. Ewé kan náà, bí wọ́n bá sá a gbẹ, tí wọ́n dì í sínú ike, tí wọ́n sì tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ará òkè òkun, ó di ohun olówó iyebíye, obìnrin yẹn kò sì mọ̀. Ẹni tó ń tà fún ará òkè òkun gbọ́dọ̀ fi nínú èrè náà ránṣẹ́ padà sí ìdí igi. Bí ẹbọ yóò bá wọ́n sí i díẹ̀, kó wọ́n. Ọ̀pọ̀ tí à ń rí lónìí, gbèsè ni. Àwọn ọmọ wa ni yóò san án.

Ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ni ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. A jà kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe ọjọ́ ìsinmi. A ó wọ funfun, a ó lu bàtá, a ó sì jó. Mo bẹ̀ yín, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé ọkọ́ dání lọ́jọ́ náà. Kí Ìyálọ́jà àti àwọn lékulẹ́ja jókòó pẹ̀lú àwọn babaláwo àti àwọn ìyánífá, kí wọ́n fẹnu kò lórí ohun tí a ó máa rà àti ohun tí a kò ní rà mọ́. Pàràkòyí ayé àtijọ́ ṣe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ nítorí èrè. Kí àwa ṣe tiwa kí èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa lè rí ewé já.

Ìṣẹ̀ṣe làgbà. Kí Ifá gbà wá, kí ẹbọ wa dà, kí ọ̀nà tí ẹbọ náà gbà wá sì mọ́. Àṣẹ.